Kọnkéré Tí Mo Gbé Sínú Ooru

Mal-nyeo, gbé ògì yẹn kalẹ̀ ná, kí o jókòó tì mí. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò lè gbé wọ ibojì. Aya Pil-gyu lẹ ń pè mí nínú ilé yìí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ kú kí a tó ṣe ìgbéyàwó. Ọdọọdún ni Màmá yín ń fi mí jókòó sídìí oúnjẹ tí a fi ń rántí ikú rẹ̀. Èmi tí mo pa á!

O mọ̀ pé iṣẹ́ mi ní ìlú Taebaek ni láti yẹ agbára kọnkéré wò. Bí wọ́n bá ti ń da dékìn, ìyẹn àjà kọnkéré ilé tí à ń kọ́, èmi á bu díẹ̀ sínú àwọn agolo, màá tò wọ́n sórí dékìn náà, kí òtútù tó ń mú un lè mú wọn. Tó bá yá, màá fi ẹ̀rọ tẹ̀ wọ́n títí wọ́n á fi fọ́. Bí wọ́n bá ṣe ṣòro fọ́ tó ni màá fi sọ ọjọ́ tí wọ́n lè yọ igi tó gbé dékìn dúró.

Kọnkéré kì í tètè le nínú yìnyín. Èyí tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ rún wómúwómú. Ni Ọ̀gá Pyo tó ń darí iṣẹ́ náà bá fárígá: "Káfíńtà kankan ò ní lọlé àfi tí igi bá kúrò. Ẹ jẹ ọdún yín níbí!"

Pil-gyu, tí òun náà jẹ́ káfíńtà níbẹ̀, wá bá mi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Sun-deok, bá kọnkéré ẹ sọ̀rọ̀ jàre. Màmá ti gún ìrẹsì ọdún. Mo ti ní kí wọ́n máa retí ìyàwó."

Há, ọ̀rọ̀ yẹn! Àárò ilé tí mi ò dé rí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ mí. Mo gbé agolo tó kù wọ yàrá mi, mo tò wọ́n sórí ilẹ̀ tí ooru iná ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, mo fi kùbùsù mi bò wọ́n bí ìkókó.

Wọ́n le. Mo lọ sọ fún ọ̀gá pé wọ́n lè yọ igi.

"Nínú òtútù yìí? Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ẹ̀rọ kì í parọ́, ọ̀gá."

Lóòótọ́, ẹ̀rọ ò parọ́. Èmi ni mo fi í purọ́.

Pil-gyu ló kọ́kọ́ wọ abẹ́ dékìn láti yọ igi, bí ara ṣe ń yá a tó. "Lọ di ẹrù ẹ!" ló kígbe sí mi. Aṣọ tí mo fẹ́ wọ̀ lọ bá Màmá ni mo ń ká lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ìró dékìn tó wó lù ú.

Ọ̀gá Pyo ń pariwo pé, "Ẹ bi ọmọbìnrin yẹn!" Àwọn tó ni iṣẹ́ náà ní kó má fi kún ẹkún mi, wọ́n sì lé e lẹ́nu iṣẹ́. Mo dákẹ́. Àfi bíi pé ọ̀fọ̀ fún mi láṣẹ láti dákẹ́.

Títí dòní, bí yìnyín bá ń bọ́, etí mi máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà bóyá màá gbọ́ tí Pil-gyu ń gbọn yìnyín kúrò ní bàtà.

Màmá ti ní ẹ̀gbẹ́ Pil-gyu ni kí ẹ sin mí sí. Lọ pe Màmá wá, kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ fún wọn. Ẹ dárí jì mí, bí ẹ bá lè ṣe é. Bí wọ́n bá sì ní kí n lọ sùn níbòmíràn, má bá mi bẹ̀ wọ́n. Kò sí ohun tó wù mí láyé bíi kí n sùn tì í, Mal-nyeo. Àmọ́ mi ò fẹ́ jí àyè náà gbé.