Omi Eérú Tí N Kò Jẹ́ Kí Dúpẹ́ Rí

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ohun kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún mẹ́ta. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ọmọ ọmọ mi ń fi ẹ̀bi mi jẹ ara rẹ̀ níyà.

Ìlú Ọ̀sì ni mo ń gbé. Gbodo ni mo ń ṣe, iṣu gbígbẹ tí a ń lọ̀ di èlùbọ́. Tèmi kì í ní kòkòrò, bó ti wù kó pẹ́ tó nínú àpò. Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi. Ìyàwó ilé nìkan ni wọ́n ń kọ́. Wọn kì í kọ́ ọmọbìnrin ilé, kó má baà gbé e lọ sílé ọkọ.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, Dúpẹ́, ọmọbìnrin tí ọmọ mi ọkùnrin bí, fẹ́ gba ìwé ìjọba tí yóò fi hàn pé ọ̀dọ̀ wa ni ọgbọ́n náà ti wá.

"Màmá, ẹ má fo nǹkan kan o. Ẹni tí kò dé Ọ̀sì rí gbọ́dọ̀ lè ka ìwé náà, kó sì ṣe é kó rí bẹ́ẹ̀. Òfin ni."

Mo ní, "Ṣé gbogbo ayé lo fẹ́ fi ṣe ìyàwó ilé wa ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó jókòó ti ìkòkò mi, ó ń kọ gbogbo ohun tó rí. Mo rán an lọ mú agbọ̀n wá. Kó tó dé, mo ti da omi eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹ́, sínú ìkòkò. N kò lè kọ̀ fún un, n kò sì lè kọ́ ọ.

Gbodo ọjọ́ náà dára. Ó fi ìwé ránṣẹ́ sí Àbújá.

Lọ́dún yìí, àwọn tó fẹ́ bá a dòwò pọ̀ ṣe é bó ṣe kọ ọ́. Kòkòrò jẹ gbogbo rẹ̀. Wọ́n pè é ní onírọ́. Agbẹjọ́rò ní ìwé náà ti kú nítorí kò kọ́ni délẹ̀, pé ohun tí kò sí nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́, wọn kò lè fi kún un mọ́.

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti wà nílé, ó ń bọ iṣu lẹ́yìnkùlé, ó ń tẹ̀ lé ìwé rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. "Màmá, ibo ni mo ti ṣì í?" Mo ní èéfín ń ta mí lójú, mo wọlé.

Ẹ jọ̀ọ́, n kò ṣe é láti bà á jẹ́, òfin ilé ni mo ń pa mọ́. Àwọn ìyàwó ilé tó yẹ kí n kọ́ sì ti lọ sí ìlú òkèèrè, èlùbọ́ ọjà ni wọ́n ń rà. Bí mo bá sọ fún un, ìwé náà kò ní jí. Bí n kò bá sọ, yóò máa rò pé òun kò mọ iṣẹ́ òun.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣẹ ọmọ yín rí, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà? Ó tún ti gbé iṣu mìíràn kaná.