Ìdọ̀bálẹ̀ Ojú Fèrèsé

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ná. Ẹni tí Ọlọ́run ṣe irú èyí fún kò gbọdọ̀ nàró gbagidi kó máa sọ̀rọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n sunkún ọmọ. Ẹ bá mi ṣe halelúyà kan tó dún délé.

Èmi ni Ìyá Dáre. Àwọn tó mọ̀ wá mọ̀ pé ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni wá, pé tíṣà ni mí, àti pé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Basin, ní Ìlọrin, là ń gbé. Dáre ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ọmọ ọdún méjì ni. Láti ìgbà tí mo ti bí i ni ìyá ọkọ mi ti wà lọ́dọ̀ wa kí n lè ráyè lọ síṣẹ́. Ìyá ọkọ tó dára bí èyí ṣọ̀wọ́n. Àmọ́ ohun kan wà tí Màmá ò lè gbà, òun ni ọmọ tí kò mọ àgbà kí. Kí Dáre tó mọ bí wọ́n ṣe ń pe omi, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀.

Ẹ sì mọ ooru Ìlọrin nígbà tí òjò ò tíì dé. A gbé bẹ́ẹ̀dì sábẹ́ fèrèsé kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí wa. A yọ gíláàsì fèrèsé náà, ó wá ku nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí kápẹ́ńtà fi ìṣó kéékèèké kàn mọ́ ọn. Ojú fèrèsé yìí ni Màmá sọ di iléèwé. Láràárọ̀, tí Bàbá Dáre bá ti ń ṣáná sí alùpùpù wọn nísàlẹ̀ láti lọ sí ọ́fíìsì ní GRA, Màmá á gbé Dáre dúró lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á dì í mú nídìí, wọ́n á ní, "Dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ. Sọ pé ó dàbọ̀." Dáre á na ọwọ́ méjèèjì, á tẹ̀ síwájú, á fi orí kan nẹ́ẹ̀tì. Bàbá rẹ̀ á wòkè, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á lọ. Gbogbo ilé ló ń yìn ín, èmi náà ń yìn ín. Ta ni kò fẹ́ ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́?

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ń fọṣọ nísàlẹ̀ pẹ̀lú Ìyá Ràfíà. Mùsùlùmí ni, ọmọ Ìlọrin gan-an, yàrá ìsàlẹ̀ ló ń gbé. Ràfíà ọmọ rẹ̀ ṣì ń tọ̀ sórí ibùsùn, torí náà kò sí ọjọ́ tí kì í sá mátírẹ́ẹ̀sì sára ògiri, lábẹ́ fèrèsé wa. Màmá ti bá a jà títí nítorí òórùn. Ẹ̀rín ló máa ń fi dá wọn lóhùn, á ní kí wọ́n ṣe sùúrù, pé ìtọ̀ ọmọ kì í ṣe májèlé.

Bàbá Dáre fẹ́ lọ sí mítìn kan. Màmá ń ro ògì ní kíṣìnì, wọ́n ti tẹ́ Dáre sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń sùn. Alùpùpù dún. Ọmọ gbọ́ ìró tó mọ̀, ó jí, ó sì dìde láti ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó dì í mú nídìí.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i, nítorí ó ti mọ́ wọn lára láti wòkè. Mo gbọ́ tí wọ́n kígbe "Jésù!" tí alùpùpù sì wó lulẹ̀. Mo gbójú sókè, mo rí ọmọ mi tó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí etí fèrèsé, ìdajì ara rẹ̀ ti wà níta. Nẹ́ẹ̀tì ti tú kúrò lára ìṣó lápá kan, apá kejì ló ṣì gbé e rọ̀ bí ẹja inú àwọ̀n. Ọmọ ò tiẹ̀ sunkún. Ó ń kí bàbá rẹ̀ pé ó dàbọ̀.

Ará mi, Jésù nìkan ni ẹnu mi lè pè. Ìyá Ràfíà ní tirẹ̀ ní "Bísímílà," ó fa mátírẹ́ẹ̀sì kúrò lára ògiri, Bàbá Dáre sáré dé, wọ́n di etí kan mú, wọ́n jọ tẹ́ ẹ. Bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹ ni àwọn ìṣó tó kù já. Orí mátírẹ́ẹ̀sì onítọ̀ yẹn ni Dáre bọ́ sí. Ó ta sókè díẹ̀, ó padà sílẹ̀, ó wá bú sẹ́kún. Igbe ọmọ ò dùn mọ́ mi létí tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọsibítù, dókítà tẹ̀ ẹ́ níbí, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, kò rí nǹkan kan ju ibi tó bó lágbọ̀n. Ògo ni fún Ọlọ́run.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Bàbá Dáre ti gbé bẹ́ẹ̀dì lọ sí ògiri kejì. Kò pẹ́ sígbà náà tí wọ́n pe ajórin, ó fi irin sí àwọn fèrèsé, ó jẹ́ kí àwọn irin náà sún mọ́ra débi tí orí ọmọ ò fi lè gba àárín wọn, ó sì ṣe ọ̀kan nínú wọn lọ́nà tí àgbà lè fi ṣí i láti inú, bí ilé bá gbiná. Ẹnì kan bi mí bóyá ìgbàgbọ́ wa ti yẹ̀ ni. Rárá o. Ọlọ́run tó gba ọmọ mi ló fún ajórin lọ́gbọ́n. Ẹ̀yin ọlọ́mọ kéékèèké, tí ẹ bá délé lónìí, ẹ wo abẹ́ fèrèsé yín. Bẹ́ẹ̀dì ni o, àga ni o, àpótí ni o, ẹ gbé e kúrò. Ẹ̀fọn ni wọ́n ṣe nẹ́ẹ̀tì fún, kò lè di ọmọ mú.

Màmá ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Wọ́n di ẹrù, wọ́n ní Ọ̀mù-Àrán yá, pé ẹ̀kọ́ tí àwọn ń kọ́ ọmọ ló fẹ́ pa á. Mo gba báàgì lọ́wọ́ wọn. Mo ní, "Màmá, ibi tó ti ń dọ̀bálẹ̀ ni kò dáa. Ìdọ̀bálẹ̀ ò ṣẹ̀ wá." Wọ́n sunkún, èmi náà sunkún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá wọn nísàlẹ̀, wọ́n ń bá Ìyá Ràfíà sá mátírẹ́ẹ̀sì.

Dáre rèé o. Ẹ fàyè sílẹ̀ fún un níwájú yìí. Dáre, dọ̀bálẹ̀ fún ìjọ.

Ẹ rí i? Orí ilẹ̀ ni. Kò síbi tó fẹ́ já bọ́ sí mọ́. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yọ̀, ọmọ ti kí yín, ẹ dá a lóhùn: wàá dàgbà!