Edé Tútù Tí Mo Gbé Lọ Sílé

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí léèrè orúkọ. Kétu níhìn-ín ni mo wà. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Ọkùnrin tó ru ẹ̀ṣẹ̀ mi lọ sájò ti padà dé. Bí mi ò bá sọ ọ́ báyìí, mi ò mọ̀ bóyá màá tún lè sọ ọ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn tí àwọn Faransé gbé ìjọba fún wa ni mo gba iṣẹ́ ìdáná nílé ọ̀gá kan tó ń bójú tó ọ̀nà títì. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni ìyàwó rẹ̀, ó ti gbé ìlú Faransé rí. Mádàámù là ń pè é. Àpótí gíláàsì ńlá kan wà ní pálọ̀ rẹ̀. Omi òkun ló kún inú rẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kámíyọ̀ ló ń fi àgbá gbé e wá láti Kútọnu. Ẹja kéékèèké ló ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, òmíràn pupa, òmíràn pọ́n bí ìyeyè. Àwọn èèyàn a máa ti Odòmẹ́ta wá yọjú wò wọ́n lójú fèrèsé.

Oúnjẹ àwọn ẹja náà tó ń ti òkè òkun wá wọ́n jù. Mádàámù ní ká máa lo ohun tó wà lọ́jà. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa ṣan edé tútù àti ẹran ẹja, kí n gé e wẹ́wẹ́, kí n tọ́jú rẹ̀ sínú fìríjì. Àwọn ẹja tó ń jẹ ewé, sàláàdì tí mo bọ̀ lómi gbígbóná ni tiwọn.

"Ìyá Àfúsá, má jẹ̀ẹ́ kí òróró kan oúnjẹ wọn o," ló máa ń wí fún mi. "Bí òróró bá bo ojú omi, wọn ò ní lè mí."

Mo gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní parọ́ fún yín, mo gbọ́ ọ dáadáa.

Ọdún yẹn, ọ̀dá dá. Ọkọ mi ti kú. Ilá lásán ni àwọn ọmọ mi fi ń jẹ ọkà. Bí mo bá ń gé edé fún ẹja, inú á máa bí mi. Nígbà tí Mádàámù àti ọkọ rẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́, mo di gbogbo edé náà sínú ewé, mo gbé e lọ sílé. Àwọn ọmọ mi jẹ ẹ́, wọ́n lá àwo.

Sàrdínì tí ọ̀gá jẹ kù sínú agolo ni mo dà fún àwọn ẹja, tòun tòróró. Mo ní ṣebí ẹja náà ni.

Nígbà tí mo dé láàárọ̀, gbogbo wọn ti kú, wọ́n léfòó. Mo fi ṣíbí gbọ́n òróró náà kúrò, mo fi àkísà nu etí gíláàsì.

Nígbà tí wọ́n dé, Mádàámù bú sẹ́kún. Ọ̀gá pè mí wọ yàrá, èmi nìkan.

"Ta ló pa wọ́n?"

Bàbá Rámátù ló ń tọ́jú ọgbà ilé náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oògùn aáyán ni. Ilé ìdáná mi ló fín in sí, èmi gan-an ni mo sì bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n mo ní, "Mo rí Bàbá Rámátù pẹ̀lú oògùn nídìí àpótí."

Àwọn ọlọ́pàá sàndáàmù mú un lọ. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti wú. Gbogbo ìlú ń pè é ní olóró. Kò sẹ́ni tó jẹ́ ra ẹ̀fọ́ tó ń tà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Àwọn àna rẹ̀ gba ọmọ wọn padà, òun náà sá gba ọ̀nà Ìmẹ̀kọ lọ. Kò mọ ẹni tó fẹnu kàn án.

Ní báyìí ó ti dé. Àwọn àna rẹ̀ ní kí àwọn tó dá ìyàwó rẹ̀ padà, kó wá fi ilẹ̀ búra níwájú àwọn àgbà, kó sì mú ẹlẹ́rìí wá tí yóò bá a búra. Ó wá bá mi lágbàlá.

"Ìyá Àfúsá, ìwọ nìkan lo mọ̀ pé ilé ìdáná ni mo ti fín oògùn yẹn. Má jẹ̀ẹ́ kójú tì mí."

Mo ní, "Màá wá, Bàbá." Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, bàbá tó jù mí lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ẹni tó bá mọ òtítọ́ tó sì pa á mọ́, ilẹ̀ kì í gbè é. Bí mo bá jẹ́wọ́, ta ni yóò tún bá àwọn ọmọ mi jẹun nílùú yìí? Bí mo bá sì fi ilẹ̀ búra láìjẹ́wọ́, ṣé orí wọn kọ́ ni yóò já lé? Àwọn náà ló kúkú jẹ edé ọ̀hún.

Ẹ tètè dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́. Bàbá Rámátù ní òun yóò yà mú mi láàárọ̀ ọjọ́ ìbúra náà, kí a lè jọ rìn lọ.