Àjèjì Tó Mọ̀ Nípa Oyún

Àwọn tó kọ ètò ìfọ̀rọ̀pamọ́ ọ̀fẹ́ yẹn, tí à ń fi ránṣẹ́ síra wa lórí fóònù, fún gbogbo ayé kò dán an wò lórí fóònù pọ́ọ́kú rárá. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin méjì ló jókòó níwájú mi nínú ọkọ̀ Òkè-Àgbò sí Àgọ́-Ìwòyè. Èyí tó kéré yíjú sí èkejì.

"Àǹtí, àjèjì kan ní Ibiade kọ̀wé sí mi pé, 'A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.'"

"Ṣé o lóyún ni?"

"Ọkọ mi nìkan ni mo sọ fún, orí ètò yẹn sì ni."

"Irú fóònù wo ni àjèjì náà ń lò?"

"Ó ní irú tèmi gan-an ni."

"Ó ti yé mi. Nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀, tẹ́nikẹ́ni ò lè mọ̀ ṣáájú, la fi ń ṣe kọ́kọ́rọ́ tó ń ti ọ̀rọ̀ pa. Fóònù olówó ńlá ní ẹ̀yà tó ń mú un wá, tìẹ ò ní, nọ́ńbà kan náà ni gbogbo irú ẹ̀ ń mú wá. Kọ́kọ́rọ́ kan náà lẹ jọ ń lò, òun ló fi ṣí ọ̀rọ̀ rẹ kà."

Èyí tó kéré fọwọ́ bo ikùn. "A ó gbóhùn ọmọ," ó tún un sọ jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ẹlòmíì ló ń gbẹnu ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ ètò náà, èèyàn mélòó ló tún ń ṣí ọ̀rọ̀ wa kà? Ìgbà wo lẹ fẹ́ sọ fún wa?