Sítáàṣì Ìkẹyìn Tí Fọláṣadé Ṣe

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi ní ẹsẹ̀ tí mo fi dúró síwájú yín lónìí. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yin Olúwa. Mo kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ nítorí pé ohùn mi kò dá mi lójú. Bí mo bá dákẹ́ láàárín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tètè pàtẹ́wọ́, mò ń bọ̀.

Ẹ̀rí mi kì í ṣe irú èyí tí ẹ fẹ́ràn. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ìyàwó mi, Fọláṣadé, ṣàìsàn. Ẹ bá wa gbààwẹ̀. A gbé omi síwájú pẹpẹ, ó mu ún, ó sì gbàgbọ́. Àwọn dókítà náà ṣe ìwọ̀n tí wọ́n lè ṣe. Ó kú. N kò wá síbí láti sọ pé ó jí dìde. Mo wá sọ ohun tí Ọlọ́run ṣe fún ẹni tó ṣẹ́kù.

Fún àwọn tí kò mọ̀ mí dáadáa, olùkọ́ ni mí ní yunifásítì. Iṣẹ́ mi ni láti wá ohun tí a lè fi rọ́pò náílọ́ọ̀nù àti ike, ohun tí yóò jẹrà nínú ilẹ̀ bí ewé. Sítáàṣì inú ẹ̀gẹ́ ni à ń lò. A máa ń sè é pẹ̀lú omi àti gílísíríìnì tó ń jẹ́ kó ṣeé tẹ̀, a ó tẹ́ ẹ sínú abọ́ pẹrẹsẹ, nígbà tó bá gbẹ, a ó ṣí i kúrò bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́, á máa fọ́. Nígbà òjò, á rọ̀, á máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń po fọ́nrán inú ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ ọn kó lè lágbára, bí àwọn bàbá wa ṣe ń po koríko mọ́ amọ̀ kí ògiri má baà sán.

Fọláṣadé ló tì mí sídìí rẹ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Agbowó, níbi tó ti ń ta aṣọ ọmọdé. Lọ́jọ́ òjò kan, náílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà dí gọ́tà, omi wọlé, ó ba ọjà rẹ̀ jẹ́. Ó dúró sínú omi náà, ó wò mí, ó ní, "Bàbá Ìbùkún, gbogbo ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé tí ẹ pọ̀ tó yìí, ẹ ò lè ṣe náílọ́ọ̀nù tó ń kú?" Mo rẹ́rìn-ín. Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ló ti sọ iṣẹ́ yìí di tirẹ̀. Òun ló ń ra ẹ̀gẹ́ ní ọjà Bódìjà, tó ń rin ín, tó ń sẹ́ ẹ, tó ń jẹ́ kó tòrò, tó ń sá a. Tí mo bá fẹ́ gbé e lọ síbi iṣẹ́, á ní, "Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ láàbù yín fọwọ́ ìdọ̀tí kàn án o."

Èyí tó ṣe kẹ́yìn kó tó dùbúlẹ̀ wà nínú ike kan ní kíṣìnì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pè mí pé iṣẹ́ ti dúró, kí n mú sítáàṣì wá. Mo ní kò sí. Mo ní mo ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. N kò lè ronú kan ohun tó ń jẹrà nínú ilẹ̀ mọ́, ẹ sì mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin ará, n kò sunkún létí sàárè, n kò sunkún nílé. Oúnjẹ kò wọ̀ mí lẹ́nu. Tí mo bá jí láàárọ̀, á dùn mí pé mo jí.

Nínú ìjọ wa, ìyàwó ló sábà máa ń fọ sùtánà ọkọ rẹ̀, tó sì ń fi sítáàṣì sí i kó lè dúró. Nígbà tí ìsìn ìrántí Fọláṣadé kù sí dẹ̀dẹ̀, Ìyá Ìjọ wá sílé wa ní Baṣọ̀run, wọ́n gbé sùtánà tiwọn náà dání kí wọ́n lè fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ tèmi. Wọ́n bá tèmi níbi tí mo jù ú sí.

"Bàbá Ìbùkún, ṣé èyí lẹ fẹ́ wọ̀ síwájú Ọlọ́run? Ẹ kàn fẹ́ dójú ti ìyàwó yín ni."

Wọ́n gbé e lọ sẹ́yìnkùlé. Mo wà ní pálọ̀, mò ń gbọ́ ìró ìkòkò ní kíṣìnì. Mo rò pé ẹ̀kọ ni wọ́n ń ṣe fún mi.

Nígbà tí mo jáde, sùtánà méjèèjì wà lórí okùn, wọ́n ti ń le bí páálí. Ìgbà náà ni mo rántí ike. Mo wọ kíṣìnì. Ike náà ti ṣófo, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n sì ti dorí rẹ̀ kodò.

"Ìyá Ìjọ! Sítáàṣì tó wà níbí dà?"

"Mo ti lò ó. Sítáàṣì gidi mà ni, kò léèérí rárá. Àbí ẹ fẹ́ mu ún ni?"

Mo pariwo mọ́ wọn. Kò yẹ kí n tún gbogbo ohun tí mo sọ sọ níwájú pẹpẹ. Mo ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó kù fún mi láyé ló wà nínú ike yẹn, wọ́n sì ti lò ó tán sára aṣọ.

Ìyá Ìjọ wo ike, wọ́n wo ọwọ́ ara wọn tí sítáàṣì ti gbẹ sí. Ni wọ́n bá kúnlẹ̀, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀, lórí sìmẹ́ǹtì kíṣìnì. Èmi kọ́ ni wọ́n kúnlẹ̀ fún. Wọ́n ní, "Olúwa, mo ti ba ohun tí n kò lè tún ṣe jẹ́. Má jẹ́ kí ọmọ yìí bá ìyàwó rẹ̀ lọ."

Gbogbo àdúrà náà nìyẹn. Èmi náà kúnlẹ̀, nítorí kò bójú mu kí n dúró lé wọn lórí. Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbà mí. Mo sunkún títí aṣọ fi gbẹ lórí okùn. Wọn kò ní kí n dákẹ́. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ní, "Ó tó báyìí. Kí lẹ máa jẹ?" Mo jẹun, ará. Mo jẹ ẹ́ tán.

Lọ́jọ́ ìrántí, mo wọ sùtánà náà. Ó le jù, ó ń ha mí lọ́rùn; Fọláṣadé kì í po tirẹ̀ ki tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òógùn bò mí, ó rọ̀. Mo ṣàkíyèsí pé bí náílọ́ọ̀nù wa ṣe ń rọ̀ gan-an nìyẹn, ọkàn mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bóyá kí fọ́nrán ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ̀ sí i. Ìwàásù ń lọ lọ́wọ́. Kí Olúwa dárí jì mí.

Mo lọ ra ẹ̀gẹ́ fúnra mi. Obìnrin tó tà á fún mi béèrè ìyàwó mi. Mo ní ó ti sinmi. Ó fi ènì lé e. Sítáàṣì tí mo ṣe kò funfun tó ti Fọláṣadé, ṣùgbọ́n ohun tí a fi ṣe dì, ó gbẹ, kò fọ́. A fi ṣe àpò kékeré, a ti rọ iyẹ̀pẹ̀ sínú rẹ̀, a ti gbin irúgbìn sí i. A kò tíì mọ bí yóò ṣe fara da òjò. Gọ́tà Agbowó ṣì dí.

Ilé mi ṣì ń dákẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, n kò ní purọ́ níwájú Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti fẹ́ bá Fọláṣadé lọ, mo dúró níhìn-ín, ebi sì ń pa mí bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ògo ni fún Olúwa. Ẹni tó bá lè jó, kó bá mi jó. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kó jókòó, a ó bá a jó tirẹ̀. Ẹ̀yin akọrin, ẹ gbé orin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e sókè jù.