Àwọn Tí Wọ́n Gbé Iṣẹ́ Tí A Rán Wọn Mì

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo ti bọ́ bàtà mi, ilẹ̀ yìí sì tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ẹ mọ òfin ilé àdúrà wa: ẹni tí ó bá ríran kì í bù ú kù, kì í sì í bù mọ́ ọn. Èmi kì í ṣe aríran. Yunifásítì ni mo ti jáde, àníyàn ni mo sì bá jáde níbẹ̀. Bí àlàyé mi bá ti pọ̀ jù, ẹ forí jì mí. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Ẹ kọ́kọ́ rántí ipò tí mo wà. Òyìnbó ni Matíásì ọkọ mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ ìlú tí a wà yìí. Láti orílẹ̀-èdè Yúróòpù mìíràn ni òun náà ti wá ṣiṣẹ́ níbí. Ẹ̀tọ́ ìgbélùú tirẹ̀ ni tèmi so mọ́, bí ọmọ ṣe ń so mọ́ ẹ̀yìn ìyá. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà níbí, mo wà níbí. Lọ́jọ́ kan mo ti ibi iṣẹ́ dé, àpótí rẹ̀ kò sí, bàtà rẹ̀ kò sí, ẹ̀wù òtútù rẹ̀ kan ṣoṣo ló gbàgbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ti kó lọ sí òkè òkun mìíràn láìsọ fún mi. Kì í ṣe ìbínú nìkan ló bá mi, ẹ̀yin ará. Ìtìjú ni. Ó dà bíi pé mo wà lórí àkàbà, tí ẹni tí ó dì í mú sì rọra rìn lọ.

Agbẹjọ́rò tí mo lọ bá sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò tíì kúrò létí mi. Ó ní, "Ká ní ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní kóòtù kí ó tó kúrò nílùú, òfin ìbá lè dá ẹ̀tọ́ rẹ sí. Nísinsìnyí tí ó ti lọ, ó nira." Ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí a ṣe. Nígbà tí Matíásì kọ́kọ́ dárúkọ ìkọ̀sílẹ̀, a gbààwẹ̀ nínú ilé yìí kí ó má baà ṣẹlẹ̀. Mo fi orúnkún méjèèjì gbàdúrà lòdì sí ohun kan ṣoṣo tí ìbá gbà mí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, Màmá Ìjọ fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n ní, "Fèyí ọmọ mi, bí àwọn ará ọ́fíìsì ìgbélùú bá bi ọ́ léèrè, ọkọ rẹ wà níbí. Ẹ̀wù rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àbí kò sí?"

Mo ní, "Màmá, irọ́ nìyẹn."

"Irọ́ kẹ̀? Ìgbàgbọ́ ni. Ó máa padà. Ẹni tó máa padà, ṣé a lè ní ó ti lọ?"

Mo dùbúlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, mo ń sunkún, mo ń pe Ọlọ́run, oorun sì gbé mi lọ.

Mo rí ẹnìkan tí ó dúró tì mí. Ó ga, aṣọ rẹ̀ funfun, kò rẹ́rìn-ín. Ohùn rẹ̀ dà bí ohùn tí ń pe orúkọ ibùdókọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin: kò gbóná, kò tutù. Ó ní, "Dìde. Má fọwọ́ kan ohunkóhun."

A dé ojú ọ̀nà kan tí ó jẹ́ eérú títí lọ. Àwọn ènìyàn ń rìn lórí rẹ̀, olúkúlùkù wọn pọn ilẹ̀kùn sẹ́yìn, ẹ̀yìn wọn sì ti tẹ̀. Ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan láti inú, gbà, gbà, gbà, láìsinmi. Mo bèèrè pé àwọn wo nìyí.

"Àwọn tí ó kó jáde láìsọ fún ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú ilé."

Mo wá rí ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé kan, ilẹ̀kùn wa ni, mo mọ ibi tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó, ẹnikẹ́ni kò tíì sí lábẹ́ rẹ̀, ó kàn so rọ̀ lófuurufú, ẹnìkan sì ń kàn án láti inú, mo fetí sí i, ohùn mi ni, ẹ̀yin ará, ohùn mi ni, ó ń ké pé ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi, mo sáré lọ síbẹ̀, olùmọ̀nà mi sì dì mí mú. Ó ní, "Ọkọ rẹ kò tíì kú. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń dúró dè é." Inú mi dùn. A kì í bu ìran kù, nítorí náà mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́: inú mi dùn, ìdùnnú náà sì korò lẹ́nu mi.

A kọjá lára àwọn alágbèrè tí ń jẹ oúnjẹ tí kì í dé ikùn. A kọjá lára àwọn ọ̀gá tí ó fi ìbẹ̀rù àwọn aláìníwèé ìgbélùú rẹ́ wọn jẹ. Orí ìlà tí kì í sún síwájú ni wọ́n tò sí. Lẹ́yìn wọn ni mo rí àwọn òpùrọ́. Ẹ̀wù ẹlòmíràn ni wọ́n wọ̀, iná ni òwú tí a fi rán an. Bí wọ́n bá tú bọ́tìnì kan, òmíràn á hù. Ọ̀kan nínú wọn kígbe sí mi pé, "Àbúrò, tìrẹ ti délẹ̀ o! Ó gùn jù ọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n wàá gbé e wọ̀!" Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín tẹkúntẹkún. Mo wo ibi tí ó nawọ́ sí. Ẹ̀wù òtútù Matíásì ló wà lórí ìkọ́.

Lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn yí padà, ó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. A dé ẹnubodè kan tí ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Baba kan jókòó níbẹ̀. Kí ó tó sọ̀rọ̀, mo ti ń wá káàdì ìgbélùú mi nínú àpò. Mo ní, "Ìyàwó Matíásì ni mí, sà."

Baba náà rẹ́rìn-ín. "Ta ló bi ọ́ léèrè ọkọ? Ìwọ ńkọ́, kí ni wọ́n ń pè ọ́?"

Ẹ̀yin ará, orúkọ mi kò wá. Mo wá a, wá a, kò wá. Láti inú lọ́hùn-ún ni ẹnìkan ti pè é: "Fèyíṣayọ̀!" Ìyá àgbà mi ni, tí wọ́n ti lọ sinmi kí n tó wọ yunifásítì. Wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ omi odò, àwọn olóòótọ́ jókòó yí wọn ká, kò sì sí ẹni tí ń wẹ̀yìn wò bóyá ẹnìkan ń bọ̀ wá lé òun.

Ìyá àgbà ní, "O mà rù o! Ṣé ẹ kì í jẹun níbẹ̀ ni, àbí òtútù ló ń jẹ yín?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n dúró tì yín."

"Wàá dúró, ṣùgbọ́n kò tíì yá. Ìlú yìí, bí ẹnikẹ́ni bá kó lọ, kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Àmọ́ má gbé ẹ̀wù yẹn bọ̀. Kò gba ẹnubodè yìí."

Mo rò pé ó ti parí. Olùmọ̀nà mi ní, "Ó ku ibì kan." A sọ̀kalẹ̀ sí àfonífojì kan, àwọn tí mo rí níbẹ̀ sì wọ aṣọ àdúrà bíi tiwa. Èyí ló bà mí lẹ́rù jù. Ikùn wọn wú, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu, ọ̀rọ̀ sì ń ké nínú wọn bí ọmọ tuntun: "Ìyá rẹ ń ṣàìsàn, máa bọ̀ nílé." "Má fẹ́ ẹ." "Kúrò níbẹ̀ lónìí."

"A rán wọn níṣẹ́," ni ó wí, "wọ́n gbé e mì. Wọ́n rò pé àánú ni."

Àga kan ṣófo. Ìborùn kan wà lórí rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n, èmi ni mo rà á, abẹ́ rẹ̀ sì ni ohùn Matíásì ti ń jáde wá, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún Fèyí pé," mi ò gbọ́ ìyókù, torí mo ti kígbe, igbe mi ló sì jí mi.

Màmá Ìjọ ló kúnlẹ̀ tì mí, ife omi lọ́wọ́, ìborùn náà lọ́rùn. "Jésù! Fèyí, kí lo rí?"

Mo ní, "Màmá, ìborùn yín ni mo rí."

Ife náà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n jókòó sínú omi náà.

Wọ́n ní, "Ó wá bá mi kí ó tó lọ. Ojú ń tì í láti sọ ọ́ fún ọ. Ó ní iṣẹ́ ti bọ́ sí i lókè òkun, kí n sọ fún ọ kí o tètè gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù nígbà tí òun ṣì wà nílùú. Mo rò pé àdúrà máa dá a dúró. Mo rò pé bí mi ò bá sọ ọ́, kò ní rí bẹ́ẹ̀."

Mo fẹ́ bínú, mi ò rí agbára rẹ̀. Matíásì já mi kulẹ̀, ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo fẹ̀yìn tì nígbà tí ó já mi kulẹ̀, bí mo ṣe fẹ̀yìn tì yín ni mo ń ṣubú lọ. Mi ò bú Màmá. Àwọn náà ló jókòó níwájú yín yìí, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ní kí n má bo àwọn.

Lọ́jọ́ Ajé, mò ń lọ sí ọ́fíìsì náà láti sọ òtítọ́. Màmá ní àwọn máa bá mi lọ. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n máa jẹ́ kí n dúró sí ìlú yìí. Mo ti já ẹ̀wù náà kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ìkìlọ̀ tí mo gbé bọ̀ rèé. Bí ẹnìkan bá rán ọ sí ẹnìkejì rẹ nínú ìjọ yìí, jẹ́ iṣẹ́ náà kí a tó jáde lónìí. Má fi àánú dí i mọ́nú. Má fi àdúrà dí i mọ́nú. Wọ́n ti jẹ́ tèmi fún mi, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù nínú ikùn. Òkú ni wọ́n bí i.