Kẹ̀kẹ́ Tí Mo Gùn Tí Mi Ò Kúrò Lójú Kan

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì ní kí n ṣe sùúrù, ẹ jẹ́ kí n rò ó délẹ̀ ná. Mo mọ̀ pé ọkọ mi, àbúrò yín, ti débí ṣáájú mi, ó sì ti sọ fún yín pé mo dójú ti òun lójú oníbàárà. Ṣé ó sọ ohun tó pè mí? Kò lè sọ ọ́.

Ṣé ẹ rántí kẹ̀kẹ́ tí bàbá mi fún mi, èyí tí mo fi ń kó aṣọ tí mo bá rán lọ fáwọn tó ni ín? Nígbà tí iná lọ tí kò dé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkọ mi gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń gẹrun, ó gbé e sẹ́yìn kọ́tìnì, ó fi pákó gbé ìdí rẹ̀ sókè kí táyà lè máa yí lásán, ó wá de dáínámò mọ́ ọn, nǹkan kékeré yẹn tó máa ń fara nu táyà tí iná á fi jáde. Ó ní, "Ìyàwó mi, bá mi gùn ún wò." Mo gùn ún, gílóòbù tàn. Èmi òmùgọ̀ ni mo kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Bí mo ṣe dẹrú ẹsẹ̀ ara mi nìyẹn. Gílóòbù lónìí, rédíò lọ́la, fóònù tirẹ̀, fóònù kápẹ́ńtà ẹ̀gbẹ́ wa, títí ó fi kan kílípà tó fi ń gẹrun. Aṣọ oníaṣọ di òkìtì nílé, èmi ń sáré lórí kẹ̀kẹ́, mi ò sì dé ibì kankan. Tí mo bá ní orúnkún ń dùn mí, á ní eré ìdárayá ni. Ẹ̀gbọ́n, nínú àwa méjèèjì, ikùn ta ló ń ṣáájú wọlé?

Mo fara dà á títí di àná. Ọ̀gá ilé-ìwé wá gẹrun, torí ọ̀sán àná ni wọ́n fẹ́ ṣe ìdágbére fún wọn pé wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Òógùn ń bọ́ sí mi lójú lẹ́yìn kọ́tìnì, ọkọ mi ń gẹ apá ọ̀tún, ni ọ̀gá bá bi í pé, "Ẹ̀rọ amúnáwá wo lo rà tí kì í pariwo báyìí?"

Ẹ gbọ́ èsì àbúrò yín: "Tèmi kì í mu epo, ọ̀gá. Oúnjẹ ló ń jẹ, ó sì máa ń ráhùn."

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mi ò bú u. Mo wọ bàtà mi, mo ṣí kọ́tìnì, mo kí ọ̀gá pé ẹ kú ọjọ́ ńlá, mo bá tèmi lọ. Kílípà dákẹ́ sórí bàbá olóríire, apá kan ń dán bí àwo, ewú ṣù sí apá kejì.

Kápẹ́ńtà ló sọ ìyókù fún mi. Ọ̀gá fúnra wọn ló gun kẹ̀kẹ́, aṣọ ìgẹrun lọ́rùn wọn, wọ́n ń yí ẹsẹ̀, orí ń mì, ọkọ mi sì ń fi kílípà lé orí náà kiri bí ẹni ń lé adìẹ.

Ẹ̀bi tèmi wá dà níbẹ̀? Kó wá síwájú yín, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé èèyàn ni mí, kí n tó padà sílé yẹn.

Ẹ ní kí ni? Ìdágbére ọ̀hún? Wọ́n ṣe é. Ọ̀gá fa fìlà wálẹ̀ bo etí méjèèjì, ẹnikẹ́ni ò fura, àfi ìgbà tí wọ́n ní kí gbogbo ọkùnrin ṣí fìlà fún àdúrà. Wọ́n ní tíṣà tó ń gbàdúrà lajú wò lẹ́ẹ̀kan péré, kò sì rí àmín sọ mọ́...

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wojú mi. Inú ń bí mi, mo ní inú ń bí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn, kí àbúrò yín tó wà níta má lọ gbọ́ ẹ̀rín mi, kó rò pé ìjà ti parí.